Mo fẹ́ fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ìjọba sílẹ̀ ní Àbújá kí n lọ ra ilé búrẹ́dì ní Ìlá Ọ̀ràngún: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ìlá

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa mọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní Àbújá. Àwa là ń tọ́jú sáfà àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àwa náà la máa ń yẹ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ wò, tí a á fi wé ohun tó wà lórí IPPIS, ẹ̀rọ tí ìjọba àpapọ̀ fi ń san owó oṣù, kí owó oṣù má baà lọ sápò ẹni tí kò sí níbi iṣẹ́. Ìpele 13 ni mo wà, ẹni ọdún 41 ni mí. Mi ò bá ọ̀gá kankan jà, wọn ò sì lé mi. Àmọ́ láti ìgbà tí ìjọba ti yọ ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ láti Kubwa wá sí àárín ìlú, owó ilé, àti owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ló ń gbé owó oṣù mì. Yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ owó, ó ti pẹ́ tí ó ti ń wù mí kí n ní nǹkan tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé èmi ni mo ni ín, kí ó sì wà nílùú wa.

Ìyá àgbà kan ní Ìlá fẹ́ ta ilé búrẹ́dì tí òun àti ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé jọ dá sílẹ̀. Gbogbo Ìlá ló mọ búrẹ́dì náà, wọ́n ń tà á dé Òkè-Ìlá, Ọ̀rà àti Ọ̀tàn Ayégbajú. Àwọn ọmọ wọn wà ní Èkó àti Kánádà, kò sí èyí tó fẹ́ wá dúró ti ààrò. Ààrò onígi méjì ló wà níbẹ̀, míkísà kan, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ìyẹ̀fun pípò, jẹnẹrétọ̀, àti bọ́ọ̀sì kékeré kan tó ti gbó. Wọ́n ní àwọn ń po àpò fùláwà 8 lálẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ bá wà nílùú. Mílíọ̀nù 18 náírà ni wọ́n pè é.

Mo ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 9 lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù iléeṣẹ́ wa àti ní báńkì. Mo tún ní owó ìfẹ̀yìntì nínú àkáǹtì RSA mi. Ìyàwó mi jẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba àpapọ̀. Kò sọ pé rárá, kò sì tíì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ọ̀nà yìí rí, kí ni mo gbọ́dọ̀ wò kí n tó san kọ́bọ̀?

Bàbá Fẹ̀yìntì

Àbúrò mi, ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni mo wà títí mo fi fẹ̀yìn tì, ibẹ̀ ni n ó ti sọ̀rọ̀.

Ẹ yọ owó RSA yẹn kúrò nínú owó tí ẹ fẹ́ fi ra ilé búrẹ́dì. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 sọ pé ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ó tó pé ẹni 50 ọdún kò lè gbà ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wà níbẹ̀ lọ. Èyí náà á di ìgbà tí oṣù mẹ́rin bá ti kọjá, tí kò sì tíì rí iṣẹ́ mìíràn. Èyí tó kù wà fún ọjọ́ ogbó yín. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kúrò ni ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù yín àti ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún tí ìjọba ń fi kún un máa dúró. Ẹ ro ìyẹn mọ́ iye tí ilé búrẹ́dì gbọ́dọ̀ máa pa fún yín lóṣù, nítorí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, owó tó ń wọ báńkì nìkan ni wọ́n máa ń fi wé èrè òwò.

Ẹ má sì kàn pòórá lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ kọ̀wé pé ẹ fẹ́ lọ, kí ẹ fún wọn ní oṣù kan tí òfin sọ. Ẹ san gbèsè alájẹṣẹ́kù, ẹ dá ohun ìní ìjọba tó wà lọ́wọ́ yín padà, kí ẹ sì gba lẹ́tà pé wọ́n ti gbà kí ẹ lọ. Mo ti rí àwọn tó kúrò láìgba lẹ́tà. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì wọn, ìwé yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ bi wọ́n.

Alájàpá

Ẹ̀gbọ́n, mi ò rí ìdí tí ẹ fi fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ ra ilé búrẹ́dì náà, ẹ fi máníjà síbẹ̀, kí ẹ máa wá sílé ní ìparí oṣù láti wá gba owó. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba tí mo mọ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Owó oṣù ń wọlé, owó búrẹ́dì ń wọlé.

Bàbá Fẹ̀yìntì

Alájàpá, inú rere lẹ fi sọ ọ́, àmọ́ òfin ò gbà á. Àfikún Karùn-ún ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò fàyè gba òṣìṣẹ́ ìjọba tí kì í ṣe aláàbọ̀ ọjọ́ láti máa darí òwò àdáni. Iṣẹ́ àgbẹ̀ nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Ẹni tó bá ń gbin àlìkámà kò rú òfin, ẹni tó ń fi í ṣe búrẹ́dì tà ti rú u. Mo mọ̀ pé orúkọ ìyàwó tàbí àbúrò ni àwọn ènìyàn fi ń bò ó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá kọ̀wé ẹ̀sùn, ìwé ẹ̀sùn yẹn ló máa wà nínú fáìlì yín. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ọdún púpọ̀ láìní àbùkù kò yẹ kí ó fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ parí rẹ̀.

Ìyá Alábúrẹ́dì, Ìṣẹ́yìn

Kí òfin tó dé bá a rárá, òwò á ti run. Ojú olójú kò lè jọ ojú ẹni. Máníjà wo ló máa jí ní aago méjì òru láti lọ wò ó bóyá fùláwà tó wọ míkísà pé, nígbà tí ẹni tó ni ín wà ní Àbújá? Ilé búrẹ́dì kì í ṣe òwò tí ènìyàn ń fi òpin oṣù ṣe.

Àbúrò mi, mo ti ń ṣe búrẹ́dì ní Ìṣẹ́yìn láti ìgbà tí àbíkẹ́yìn mi ṣì wà lẹ́yìn mi, ó ti wọ yunifásítì báyìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ yín. Ẹ ka ààrò, ẹ ka míkísà, ẹ ka bọ́ọ̀sì. Ẹ ò dárúkọ ìwé àwìn.

Bí iṣẹ́ wa ṣe ń lọ nìyí. Ìrọ̀lẹ́ la ti ń po. A á tẹ̀ ẹ́ títí á fi dán, a á gé e, a á wọ̀n ọ́n, a á tò ó sínú páànù, a á fi í sílẹ̀ kí ó wú, kí ó tó wọ ààrò. Nígbà tí yóò bá fi di aago márùn-ún ìdájí, àwọn obìnrin tó ń kó búrẹ́dì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Díẹ̀ nínú wọn ló ń sanwó lójú ẹsẹ̀. Àwọn yòókù á kó o láwìn, wọ́n á tà á, wọ́n á mú owó wá ní ìrọ̀lẹ́ tàbí lọ́jọ́ kejì, wọ́n á sì dá èyí tí kò tà padà. Owó ìrọ̀lẹ́ yẹn la fi ń ra fùláwà tí a máa pò lálẹ́. Tí obìnrin mẹ́ta bá pẹ́ sanwó, iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ náà ti dín nìyẹn. Ààrò lè gbóná kí míkísà má sì ní ohun tó máa pò.

Nítorí náà, ìwé àwìn lẹ ń rà. Ẹ ní kí màmá fi hàn yín: ta ló ń kó, èló ló ń kó lójúmọ́, èló ló jẹ, ìgbà wo ló san kẹ́yìn. Tí kò bá sí ìwé, tó jẹ́ pé orí ni màmá fi ń rántí, ẹ dẹ̀ dúró tì wọ́n lówùúrọ̀ kí ẹ máa kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń pín in. Lẹ́yìn náà kí ẹ tún béèrè èyí tí kò dùn ún béèrè: ẹ̀yin náà, màmá, èló lẹ jẹ àwọn tó ń ta fùláwà àti ṣúgà fún yín?

Nípa àpò 8 tí wọ́n pè yẹn, rìsíìtì fùláwà ni kí ẹ fi wádìí, ẹ má fi ẹnu wádìí. Àpò 50 kílò kan, tí a bá ti fi omi, ṣúgà, bọ́tà, yíìsì àti iyọ̀ sí i, ó yẹ kí ó di búrẹ́dì tó wọn nǹkan bíi 70 kílò tàbí kí ó lé díẹ̀. Tó bá ń dín ní gbogbo ìgbà, fùláwà ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde tàbí wọ́n ń gé ìyẹ̀fun pípò lọ sílé. Ẹ sì mọ̀ pé iye àpò tí wọ́n bá pò ni ọ̀pọ̀ ilé búrẹ́dì fi ń sanwó fún òṣìṣẹ́, kì í ṣe oṣù. Inú wọn á máa dùn sí i kí àpò pọ̀, bóyá búrẹ́dì tà o, bóyá kò tà. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa mọ̀ pé ó tó gẹ́ẹ́ lálẹ́ yìí.

Òwò yìí tún ní ìgbà tirẹ̀. Tí àgbàdo tútù bá ti jáde, ọwọ́ á rọ̀. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá lọlé, ọwọ́ á rọ̀ sí i. Iye tí wọ́n ń pò nígbà tí ìlú dákẹ́ ni kí ẹ fi ṣírò, ẹ má fi ti ìgbà tí ìlú kún.

Tẹ́kì Ìbàdàn

Ìyá wa, ẹ ṣeun fún àlàyé yìí. Mo fẹ́ fi kún un fún Ọmọ Ìlá pé ibi tí ẹ ti lágbára ju gbogbo àwọn alábúrẹ́dì agbègbè yẹn lọ ni ẹ̀rọ. Starlink, íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń gba ojú ọ̀run wá, ti dé Nàìjíríà láti ọdún 2023, nítorí náà kò sí ìdí tí ìlú kékeré fi gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn. Ẹ kọ áàpù tí àwọn obìnrin á fi máa béèrè iye búrẹ́dì tí wọ́n fẹ́ láti ìrọ̀lẹ́. Ẹ ó mọ iye tí ẹ máa pò, kò sì ní sí èyí tó ń padà.

Ìyá Alábúrẹ́dì, Ìṣẹ́yìn

Ọmọ mi, iṣẹ́ ọpọlọ ni, n kò ní bù ú kù. Àmọ́ tọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníbàárà mi ń lò, fóònù kékeré tó ń tànná. Ohun tó yá wọn lára ni pé kí wọ́n pè mí kí n gbọ́ ohùn wọn. Ìgbà tí owó bébà hán wa lọ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ni wọ́n kọ́ bí a ṣe ń fi owó ránṣẹ́ láti báńkì, nítorí pé kò sí ọ̀nà mìíràn tí wọ́n lè gbà sanwó. Wọn ò sì padà lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Nǹkan tó bá tán ìyà tó ń jẹ wọ́n lónìí, wọ́n á gbà á. Ẹ kọ́kọ́ mọ ìyà náà.

Ọmọ Ìlá

Ìyá wa, Ọlọ́run á bá mi san yín lóore. Ibi tí ẹ sọ̀rọ̀ lórí fùláwà tó wọlé àti búrẹ́dì tó jáde yẹn ló là mí lójú jù. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe lójoojúmọ́ gan-an ni. Orúkọ wà nínú ìwé kan, owó wà nínú ìwé kejì, ènìyàn wà lórí àga tàbí kò sí níbẹ̀, àwa la ó fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wé ara wọn títí a ó fi rí èyí tí kò bára mu. Mo ti lérò pé mo ní láti gbé nǹkan ńlá wọ ilé búrẹ́dì náà kí ìmọ̀ mi tó wúlò níbẹ̀. Mo rí i báyìí pé òṣùwọ̀n, ìwé onílà àti kọ̀ǹpútà kan á tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Lọ́yà Ìjẹ̀ṣà

Gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ dára. Ìbéèrè mi ni pé, ta ló ni ilé búrẹ́dì náà gan-an?

Ẹ sọ pé màmá àti olóògbé ọkọ wọn ló dá a sílẹ̀. Lábẹ́ àṣà Yorùbá tí kóòtù ń tẹ̀ lé, tí ọkùnrin bá kú láìṣe ìwé ìpíngún, àwọn ọmọ ló ń jogún rẹ̀, opó kì í jogún ọkọ. Tó bá jẹ́ ìgbéyàwó kóòtù ni wọ́n ṣe, ọ̀rọ̀ lè yàtọ̀. Tí ilẹ̀ àti òwò bá wà lórúkọ bàbá, ìbuwọ́lùwé màmá nìkan kò tó. Ẹ ní láti rí ìwé lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó wà ní Èkó àti Kánádà, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i pé àwọn mọ̀ sí títà náà. Ọmọ tí kò fẹ́ padà wálé lónìí lè fẹ́ padà wá gba ilé bàbá rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti tún un ṣe tán, tí owó sì ti ń wọlé.

Ìkejì ni ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ọ lé. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, ohun tí wọ́n bá tà láìsí olórí ẹbí níbẹ̀ kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ rárá. Bí olórí ẹbí bá dá a tà láìgba àwọn àgbà ẹ̀ka ẹbí mọ́ra, wọ́n lè gba kóòtù lọ fagi lé e. Tí ó bá jẹ́ èmi, n kò ní ra ilẹ̀ náà ní báyìí. Màá ra ẹ̀rọ, orúkọ búrẹ́dì àti ìwé àwìn, màá sì háyà ilé náà fún ọdún márùn-ún pẹ̀lú ìwé tí ẹbí fọwọ́ sí. Èyí á dín owó tí ẹ máa kọ́kọ́ san kù, á sì jẹ́ kí owó wà tí ẹ máa fi ra fùláwà. Mo ti rí ẹni tó ra ilé iṣẹ́ tán tí kò ku owó ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ tún lọ yẹ orúkọ òwò náà wò ní CAC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀. Tó bá jẹ́ orúkọ òwò lásán ni, òfin kò ka òwò náà sí ènìyàn ọ̀tọ̀, gbèsè rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó ni ín. Kí ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé gbèsè tó wà kí ẹ tó dé kì í ṣe tiyín. Tí ẹ bá gba ibẹ̀ tán, ẹ fi orúkọ kọ́ńpìnì forúkọ sílẹ̀. Láti ìgbà tí CAMA, òfin kọ́ńpìnì ti ọdún 2020, ti jáde, ẹnì kan ṣoṣo ti lè dá kọ́ńpìnì sílẹ̀. Ìyẹn á ya gbèsè búrẹ́dì sọ́tọ̀ kúrò lára ilé tí àwọn ọmọ yín ń gbé.

Alájàpá

Lọ́yà, pẹ̀lú gbogbo wàhálà yìí, ṣé kò ní sàn kí ó kọ́ tirẹ̀ tuntun? Ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ò ní wọ́n ní Ìlá. Ẹ̀rọ tuntun, ààrò tó ń lo gáàsì, kò sí gbèsè àtijọ́, kò sí opó, kò sí ọmọ Kánádà.

Ìyá Alábúrẹ́dì, Ìṣẹ́yìn

Kò ní sí oníbàárà náà. Búrẹ́dì tí àwọn ènìyàn fi tọ́ ọmọ wọn dàgbà, wọn kì í fi í sílẹ̀ nítorí pé ẹ̀rọ yín tuntun. Ẹni tó bá ṣí ilé búrẹ́dì tuntun gbọ́dọ̀ máa pò ó kí ó sì máa jẹ àdánù títí ìlú á fi mọ̀ ọ́n. Tí àwọn obìnrin bá gba búrẹ́dì rẹ̀ pàápàá, àwìn ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbà á. Mílíọ̀nù 18 pọ̀ jù, mo gbà. Ṣùgbọ́n orúkọ náà níye lórí.

Ẹ tún rántí pé òkèèrè ni ọ̀pọ̀ jù lọ àlìkámà tí wọ́n ń lọ̀ ti ń wá. Nígbà tí náírà ṣubú láti nǹkan bíi 460 sí dọ́là kan ní ìdajì ọdún 2023, tí ó sì kọjá 1,500 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ló kọ́kọ́ tì. Kí ìyẹn tó dé, ní oṣù keje ọdún 2022, ẹgbẹ́ àwa alábúrẹ́dì ti dá iṣẹ́ dúró fún ọjọ́ mélòó kan nítorí owó fùláwà. Àwa tí a ní oníbàárà tó dúró ti wa la ṣì ń pò ó. Kò rọrùn, a dín ìwọ̀n kù, a fi owó kún un, a tún bẹ̀ wọ́n. Wọn ò lọ.

Akọ̀tàn Ẹ̀bùté Mẹ́ta

Ẹ jẹ́ kí n mú ìtàn kan wá, nítorí ọ̀nà tí Ọmọ Ìlá fẹ́ gbà yìí kì í ṣe tuntun nínú iṣẹ́ búrẹ́dì. Ẹni tí wọ́n ń pè ní ọba búrẹ́dì ní Nàìjíríà, Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà ni. Iṣẹ́ rélùwéè ni ó bá wá sí Nàìjíríà lọ́dún 1913, nígbà tí rélùwéè jẹ́ ọ̀kan lára iṣẹ́ ìjọba tí ẹ̀rọ pọ̀ níbẹ̀. Ó fi rélùwéè sílẹ̀, ó kọ́kọ́ lọ ṣiṣẹ́ ní kọ́ńpìnì oníṣòwò kan, kí ó tó dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1921. Òun náà ló mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ìyẹ̀fun pípò wọ iṣẹ́ yìí, irú èyí tí ó wà ní ilé búrẹ́dì Ìlá yẹn. Búrẹ́dì Agége tí gbogbo wa ń jẹ, ara ọ̀nà tí ó gbà ń ṣe búrẹ́dì yẹn ni wọ́n ní ó ti wá.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé kò ti orí ìjókòó rélùwéè bọ́ síwájú ààrò lọ́jọ́ kan. Ó kọ́kọ́ lọ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣòwò.

Olùkọ́ Ìkirun

Ẹ dákun, ẹnikẹ́ni ò tíì sọ̀rọ̀ ìyàwó. Olùkọ́ ìjọba àpapọ̀ ni, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ìkirun ní Federal Government College, kò sì jìnnà jù sí Ìlá. Kí ó kọ̀wé béèrè pé kí wọ́n gbé òun lọ síbẹ̀ kí ẹ̀yin tó kọ̀wé tiyín, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ó lè pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn. Owó oṣù rẹ̀ ló máa bọ́ ilé ní ọdún àkọ́kọ́, ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló sì yẹ kí ó pinnu ibi tí àwọn ọmọ máa gbé. Ọkọ mi náà fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ ṣòwò, owó oṣù mi la jẹ títí òwò fi dúró. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ gbọ́ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ẹni tí kò sọ pé rárá, tí kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ó ní nǹkan tó ń rò.

Ọmọ Ìlá

Ẹ kú àdúrótì o. Mo fi ìsinmi ọdọọdún mi lọ sí Ìlá, mo dúró ti màmá bí ẹ ṣe sọ. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

Ìwé àwìn wà, ìwé ńlá elépo lára, ọwọ́ olóògbé ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, màmá ló ń bá a lọ. Owó tí àwọn oníbàárà jẹ lé ní mílíọ̀nù 2, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ti àwọn tí kò kó búrẹ́dì mọ́. Àwọn tó ń kó lójoojúmọ́ ń san déédéé, mo fojú rí i. Rìsíìtì fùláwà fi hàn pé àpò 5 sí 6 ni wọ́n sábà máa ń pò. 8 yẹn jẹ́ ti ìgbà tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì bá ń ṣe ìdánwò. Màmá kò parọ́ fún mi. Ìgbà tó dára ni wọ́n fi ń rántí òwò wọn. Wọ́n sì jẹ oníṣòwò fùláwà kan lówó, wọ́n fẹnu ara wọn sọ fún mi.

Mo wọn búrẹ́dì. Àpò kan ń fún wọn ní nǹkan bíi 66 kílò. Mo ti mọ ibi tí ìyókù ń gbà lọ, àmọ́ ènìyàn tí mo máa bá ṣiṣẹ́ ni, n kò ní sọ ọ́ síbí.

Lọ́yà, òótọ́ lẹ sọ. Ilẹ̀ wà lórúkọ bàbá. Mo ti bá ọmọkùnrin tó wà ní Èkó sọ̀rọ̀, ó dùn mọ́ ọn nínú pé ẹni tó mọ ìtàn ilé náà ló fẹ́ gbà á. Èyí tó wà ní Kánádà ní kí n fi àdéhùn ránṣẹ́ kí òun kà á. A ti ń sọ̀rọ̀ lórí mílíọ̀nù 11 fún ẹ̀rọ, orúkọ àti bọ́ọ̀sì, láìsí ilẹ̀. N ó san 5 lákọ̀ọ́kọ́, n ó máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀ láti inú òwò, màmá á sì máa wá síbẹ̀ lówùúrọ̀ fún ọdún kan kí àwọn oníbàárà má baà rò pé mo lé màmá kúrò. Èyí tó kẹ́yìn yìí, ìyàwó mi ló mú un wá. Òun náà ti kọ̀wé pé kí wọ́n gbé òun lọ sí Ìkirun. A ti fẹnu kò pé n kò ní kọ̀wé tèmi títí èsì rẹ̀ á fi dé.

Ohun méjì ló kù tó ń dà mí láàmú. Nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára ọ̀rá búrẹ́dì náà, ṣé mo lè máa lò ó bẹ́ẹ̀? Ṣé kí n sì yí orúkọ búrẹ́dì padà sí tèmi?

Lọ́yà Ìjẹ̀ṣà

Ọdún márùn-ún ni ìwé NAFDAC máa ń lò kí wọ́n tó tún un ṣe. Ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ tó máa parí. Orúkọ ẹni tó ń ṣe é àti àdírẹ́sì wà lára ohun tí wọ́n forúkọ sílẹ̀, nítorí náà tí kọ́ńpìnì yín bá gbà á, ẹ lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Òṣogbo kí wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ ti yí padà, kí ẹ tó po àpò kan lórúkọ ara yín. Ẹ tún béèrè irú ohun amúbúrẹ́dìwú tí wọ́n ń lò níbẹ̀. Ìjọba ti fòfin de potassium bromate nínú búrẹ́dì tipẹ́, àwọn kan ṣì ń rà á lábẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá bá a nílé ìkẹ́rùsí, kí màmá kó o dànù kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́, nítorí ọwọ́ ẹni tí wọ́n bá ti bá a ni wọ́n máa mú.

Ìyá Alábúrẹ́dì, Ìṣẹ́yìn

Ẹ má fọwọ́ kan orúkọ náà. Ẹ má yí ọ̀rá rẹ̀ padà, kì báà ṣe àwọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọdé tí kò tíì mọ̀wé kà, àwọ̀ ọ̀rá ni wọ́n fi ń mọ búrẹ́dì tí wọ́n rán wọn. Ìwọ̀n ni kí ẹ tún ṣe, kí ó máa dọ́gba láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àìkú. Tí oníbàárà bá ti rí i fún oṣù mélòó kan pé búrẹ́dì kò kéré sí ti àná, ẹ lè wá bi mí nípa orúkọ nígbà náà.

Nípa kílò 66 yẹn, ẹ má lé ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé òṣùwọ̀n síwájú gbogbo wọn lálẹ́ àkọ́kọ́, kí ẹ fún wọn ní owó díẹ̀ lé e lórí àpò kọ̀ọ̀kan tó bá pé 70. Ẹni tó ń gbé e lọ sílé, owó ló ń wá, ẹ jẹ́ kí ó rí i níbi iṣẹ́. Kí ẹ tó sanwó fún màmá, ẹ wá bá mi ní Ìṣẹ́yìn kí ẹ bá wa ṣe iṣẹ́ alẹ́, láti orí míkísà títí dé ẹnu ọ̀nà ní ìdájí. Kí ìyàwó yín bá yín wá. Mo ní yàrá tí ẹ lè sùn sí.